A Kì Í Kun Ilẹ̀kùn Ara Ẹni

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì

Ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì sọ ẹ́ di igi gbígbẹ? Gíláàsì tí o fi ránṣẹ́ ti dé, ó bá ojú mi mu. Òun ni mo fi sójú tí mo fi ń kọ èyí. Má pè mí lórí fóònù mọ́. N kò lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí mo lè bí, kí n tún wá máa pariwo "ẹ̀lóò, ẹ̀lóò" bí ẹni tó ń lé adìẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ. Èyí tí a bá kọ sílẹ̀, ibi tí a fi í sí la ó bá a.

Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, èmi náà sì ń bá a jà.

Ọdún Ọ̀dà tún ti ń bọ̀, wèrè ti bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò. Oníkálukú ń kun ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, wọ́n á wá dúró tì í bí adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin, kí àwọn àlejò lè ya fọ́tò wọn. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tó bá dára jù yóò gba ife ẹ̀yẹ. Ife! Ṣé omi ń gbẹ wọ́n lọ́fun ni?

Alága ìgbìmọ̀ ọdún wá síbí lánàá. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọmọ Ìyá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ilé gíga tó wà ní ìkóríta. Ó kó èrò lẹ́yìn, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀kùn mi bí ẹni ń wo òkú ajá lójú títì.

Ó ní, "Màmá, ilẹ̀kùn yín yìí ń ba ojú àdúgbò jẹ́ o."

Mo ní, "Ọmọ mi, ojú àdúgbò ti bàjẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó jẹ òkúta nínú ìrẹsì. Ó wá nàka sí bánà tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu àdúgbò, ó kà á fún mi sókè ketekete, bí ẹni pé èmi kò mọ ìwé kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ló dá ọdún náà sílẹ̀, lórí bákónì rẹ̀, nítorí ìfẹ́ tó ní sí ẹwà. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá. Mo ní kó lọ jẹun, pé ebi a máa jẹ́ kí ènìyàn rí ohun tí kò sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o ní ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe. O kò sọ ilé tó ti jáde. A kì í ra ẹran nínú àpò. Ta ni bàbá rẹ̀?

Èmi ni,
ìyá tó bí ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì

Ìyá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú orúnkún o. Inú mi dùn pé gíláàsì náà bá ojú yín mu. Èmi fúnra mi ni mo lọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù gíláàsì wa, ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n fi orúkọ yín sí i lára, mo bá fi èékánná fá àmì kékeré kan sí ìdí etí ọ̀tún. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i.

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ọkùnrin náà, ọmọ Alága ni.

Mi ò mọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé. Mo wà lórí ìlà bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ kan da omi ìdọ̀tí sí mi lára, mo ṣépè ní èdè wa, ẹnì kan lẹ́yìn mi sì dáhùn pé, "Àṣẹ!" Òun ni. Ó ń tún ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gun ilé gíga ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í purọ́, ó sì mọ bí a ṣe ń dákẹ́ bí inú bá ń bí mi.

Bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ fẹ́ wá kí yín ní ọjọ́ ọdún gan-an. Wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ìyá, ilẹ̀kùn yẹn. Alága ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ fi hàn mí. Gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ń dán, tiwa nìkan ló ń ṣí èèpo bí ẹni tí oòrùn jó. Ojú tì mí. Ó ní bàbá òun ń bi í bóyá ẹbí wa wà ní ìṣòro ni. Ṣé owó ọ̀dà ni kò sí? Ẹ kàn sọ. Ẹ jẹ́ kí a kùn ún ní yẹ́lò, yẹ́lò a máa dùn lójú.

Ó tún sọ ìtàn kan fún mi. Ó ní ìyá àgbà òun ló dúró sórí bákónì lọ́dún kan tí ìlú le, tó ní kí gbogbo obìnrin àdúgbò kun ilẹ̀kùn wọn kí inú ọmọ lè dùn. Mo sunkún, Ìyá. Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ ọ́ fún mi rí?

Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta

Ayaba Onígíláàsì,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á, mo bọ́ gíláàsì, mo fi etí aṣọ nù ún, mo tún un kà. Ohun kan náà ló ṣì wà níbẹ̀.

O sunkún? Ọmọ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pa àlọ́ fún ẹ, o sì sunkún sí i? Ó dáa, má nu ojú tán. Dá díẹ̀ sí nínú omijé náà, kí o gbọ́ èyí tó yẹ kí o sun ún sí. O ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́. Ìwọ náà kò bèèrè. Ijó lo mọ̀, àwọ̀ lo mọ̀. Ẹni tí kò bi ìdí ọbẹ̀ léèrè, bí wọ́n bá bu omi fún un, á ní ó dùn.

Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi nígbà náà, kò tíì lè jókòó, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un níbi tó wà. Onígbáméjì wọ àdúgbò wa. Ènìyàn á jí láàárọ̀, á bì, á yàgbẹ́ bí omi, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn wolé-wolé dé pẹ̀lú agolo ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ilé tí àìsàn bá ti wọ̀, wọ́n á fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àmì yẹn bá wà níbẹ̀, ará ilé náà kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó bá jáde, wọ́n á kó o lọ sí àgọ́ tí ẹnì kan kì í ti ibẹ̀ bọ̀. Àkọ́bí mi, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ló dùbúlẹ̀ nílé wa. Kò dìde mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ni wọ́n fi àmì sí ilẹ̀kùn wa.

Àìsàn lọ. Àmì kò lọ. Ìyà gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wolé-wolé ní àṣẹ gbọ́dọ̀ ti òkè wá kí àwọn tó lè pa á rẹ́. Àṣẹ yẹn ò tíì dé títí di òní tí mò ń kọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tí bàbá àgbà rẹ ti ń ṣiṣẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Oúnjẹ ojú fèrèsé là ń jẹ, bí ẹnì kan bá rántí wa. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ohun tí onígbáméjì bẹ̀rẹ̀.

Alágbàfọ̀ tó ń gbé ní iwájú ilé wa ló gbà wá. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ mọ́, kò ní àmì kankan. Obìnrin kúkúrú, ẹnu rẹ̀ bí abẹ. Ó ní, "Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, ta ló mọ èyí tí inú ń run? Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá rí wúruwùru bákan náà, kí wolé-wolé wá fi ọwọ́ sọ èyí tí í ṣe ti aláìsàn!" Ó lọ bá àwọn obìnrin tí ilé wọn mọ́, wọ́n jọ kó ìsàlẹ̀ agolo kiri: èyí tó kù lọ́wọ́ kàfíńtà, èyí tó kù lọ́wọ́ akọ̀wé-pátákó, èyí tó kù lára ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi. Kò sí àwọ̀ kan tó tó ilẹ̀kùn kan kùn tán. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi di aláràbarà. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹwà, ọmọ mi. Ọ̀dà ni kò tó.

Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí wolé-wolé lọ jẹun, wọ́n kun gbogbo rẹ̀, èyí tó ní àmì àti èyí tí kò ní. Àwọn ọmọdé ń lu agolo òfìfo ní ìkóríta láti fi ta wọ́n lólobó bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀. Ìlù tí ẹ ń jó sí nìyẹn. Àwa tí a wà nínú ilé kò lè yọjú, aládùúgbò ló kùn ún fún wa, ibẹ̀ ni òfin sì ti wá: a kì í kun ilẹ̀kùn ara ẹni. Mo jókòó nínú yàrá, ìyá rẹ lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì Alágbàfọ̀ lára igi, fààà, fààà. Ọ̀dà rẹ̀ kò tó, ó po búlúù tó fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ ọn. Ìdí tí ilẹ̀kùn wa fi jẹ́ búlúù nìyẹn. O kò bèèrè ìyẹn náà rí.

Ọ̀dà dúdú kì í gbà kí wọ́n bo òun. Oòrùn mú, ó tún yọ láti abẹ́ àwọ̀. Wọ́n tún kùn ún. Ó tún yọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kùn ún títí tó fi di ọdọọdún, tí àwọ̀ ara rẹ̀ fi nípọn bí èèpo igi. Òun lẹ̀ ń pè ní ayẹyẹ.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọn kò kùn. Alágbàfọ̀ lọ bẹ Ìyá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ó jẹ́ kí tirẹ̀ dà bí ti àwa yòókù. Ó dúró lókè, ó fi etí aṣọ bo imú, ó ní, "Ẹ má fi ọwọ́ àìsàn kan ilẹ̀kùn mi." Nígbà tí wolé-wolé padà dé, tó wo àdúgbò yíká tó ya ẹnu, tí kò mọ ilé tí yóò tì pa mọ́, ilẹ̀kùn ọ̀hún ló nàka sí: "Ó kéré tán, ọmọlúwàbí kan ṣẹ́ kù níbí." Ìyá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí kan náà ló wá dá ọdún sílẹ̀ lónìí! Àkùkọ jí lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun ló fa oòrùn yọ.

Láti ìgbà tí Alágbàfọ̀ ti kú, kò sí ẹni tó kun ilẹ̀kùn mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé, ó di ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ ń kun tirẹ̀, ó ń dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò. N kò ní tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í tọrọ rẹ̀. N kò sì ní fi ọwọ́ ara mi kùn ún. Nítorí náà, jókòó sí ibi tí o wà, má fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi láti òkèèrè.

Ní ti ẹni tó ń gbé ènìyàn gun òkè, n kò tíì sọ̀rọ̀. Àṣé láti ayé ìyá àgbà rẹ̀, wọn kò tíì sọ̀kalẹ̀ nínú ilé yẹn.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta

Ìyá mi àgbà,

Èsì yín kò tíì dé, ọkàn mi ò sì lè dúró. Ẹ̀bùn ń bọ̀ o! Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi.

Mo ti bá akunlé kan sọ̀rọ̀, òun ni ìgbìmọ̀ ọdún ń lò. Mo ti sanwó rẹ̀. Yóò wá ní àsìkò tí ẹ bá wà ní kíláàsì yín. Ó ní òun á kọ́kọ́ fi irin họ gbogbo àwọ̀ àtijọ́ yẹn dànù, títí dé ojú igi, kí ó lè jọ̀lọ̀ bí awọ ara ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni yẹ́lò. Tí ẹ bá dé láti kíláàsì, ẹ kò ní mọ ilé yín mọ́!

Ẹ má bínú pé mi ò dúró. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ná owó sí ara yín. Mo fẹ́ kí àwọn àna mi dé, kí wọ́n rí i pé ọmọ ilé rere ni mí.

Ọmọ ọmọ yín tó ń rẹ́rìn-ín.


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹta

Ìyá mi,

Lẹ́tà yín dé ní ìjẹta. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, mi ò sì mọ ìgbà tí mo kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú òjò.

Mo pe akunlé náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun ti parí, ó ti pẹ́. Mo bi í pé kí lẹ sọ. Ó ní, "Ìyá ò bú mi. Wọ́n kàn gbé àga síta, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Ẹ̀rù ba mi, mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ."

Ìyá, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí nínú ìwé. Ẹ má kàn dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ Alágbàfọ̀ ni mo sanwó kí wọ́n họ dànù.

Mo ka lẹ́tà yín fún ọmọ Alága. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní irọ́ ni, ó ní láti kékeré ni ìyá àgbà òun ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Mo ní ṣé ìyá tèmi ni òpùrọ́? Ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ. A ò tíì rí ara wa láti ọjọ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá kí yín ní ọjọ́ ọdún tàbí wọn ò bọ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin

Ìyá,

Ọdún ti kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ Alága wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó dúró láàárín àwọn tó wá ṣàyẹ̀wò ojú, kò lè jókòó. Ó ní bàbá òun kì í gbé fóònù mọ́. Ó ní àbúrò òun ló sọ fún òun pé ìyá àgbà wọn dé láti ilé yín, ó jókòó, ọ̀dà yẹ́lò sì wà nínú èékánná rẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìyá, kí lẹ ṣe fún wọn?


Ọjọ́ keje, oṣù Karùn-ún

Ọmọ ọmọ mi,

Mo ti gba gbogbo lẹ́tà rẹ àyàfi èyí tí o bá ń kọ lọ́wọ́ báyìí. N kò dá ẹ lóhùn nítorí pé a kì í fi ìbínú mú bírò. Ọwọ́ á wúwo, ìwé á ya.

Mo ti kíláàsì dé, mo bá ilẹ̀kùn mi ní yẹ́lò, bí ìgbẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu ọmú. Akunlé rẹ dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ wo bó ṣe ń dán!"

Mo ní, "Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Ó nàka sí gọ́tà. Gbogbo ọwọ́ Alágbàfọ̀, láti ọdún yẹn títí tó fi kú, wà nínú gọ́tà, ó dàpọ̀ mọ́ irun tí onígbàjámọ̀ gbá síta.

Ó rí ojú mi, ó yára ní, "Màmá, ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù o, a kì í bẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán ni sí."

N kò bú u. Ó kéré sí èébú mi. Mo gbé àga síta, mo jókòó, nítorí mo mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà títì tó ti wọ inú igi lọ. Akunlé ti bọ́ gbogbo ẹ̀wù lára rẹ̀, ó wá fi aṣọ ẹyọ kan bò ó. Lójoojúmọ́ ni oòrùn ń mú. Ó kọ́kọ́ dà bí òjìji òwú. Ó wá dà bí ibi tí tíì dà sí lára aṣọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ọdún fi mọ́, àmì wolé-wolé ti dúró lójú yẹ́lò rẹ, dúdú kirimú, ìlà méjì tó dábùú ara wọn, bí ọjọ́ tí wọ́n fà á.

Àwọn àna rẹ dé lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wá. Alága wọ aṣọ tó ń dán ju ilẹ̀kùn lọ, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀lé e, wọ́n ti ìyá rẹ̀ lórí àga onítáyà. Wọ́n kó onílù, wọ́n kó oníkámẹ́rà, bí ẹni pé wọ́n ń bọ̀ wá fẹ́ èmi. Alága kò wo ilẹ̀kùn. Kámẹ́rà ló ń wò. Ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mi, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ìyá mi tí ẹ ń wò yìí ló rí ìyà àdúgbò yìí láti orí bákónì rẹ̀..."

Mo ní, "Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ó rí i."

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo láti òdì kejì: "Alága, kí ni dúdú ẹ̀yìn yín yẹn?"

Alága yíjú. Ó ní, "Ọmọ ìta wo ló kọ nǹkan síbí?" Ó yọ áńkáṣíìfù funfun, ó ń nù ún. Áńkáṣíìfù di dúdú, ilẹ̀kùn kò yí padà.

Ìyá rẹ̀ ni mò ń wò ní tèmi. Obìnrin yẹn ti darúgbó, ó jù mí lọ dáadáa, wọ́n ní kì í mọ ọjọ́ mọ́. Ó rí àmì náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan gbéra fúnra rẹ̀, ó mú etí aṣọ rẹ̀, ó fi bo imú. Bó ṣe ṣe é lórí bákónì gẹ́ẹ́ nìyẹn. Níwájú gbogbo ayé. Níwájú kámẹ́rà ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ kú ìrántí o. Ẹnu yín gbàgbé, ọwọ́ yín kò gbàgbé."

Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tó rí ọwọ́ olè nínú àpò rẹ̀. Ó sọ aṣọ sílẹ̀.

Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màmá, kí ló dé? Kí ni nǹkan yẹn?"

Ó ní, "Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún. Wọ́n wá bẹ̀ mí. Mi ò sọ̀kalẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Ta ló ń kùn ún fún ẹ?"

"Ẹni tó ń kùn ún ti kú."

"Ta ló kù?"

Mo ní, "Ẹ wo ẹ̀yìn yín. Èrò pọ̀. Aládùúgbò ni kò sí."

Akunlé rẹ wà láàárín èrò, ó fẹ́ gba owó ìyókù iṣẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ìyá náà na ọwọ́ sí i, ó ní kó gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà yẹ́lò rẹ̀ wá. Alága ní, "Màmá, aṣọ yín! Aṣọ tuntun yín!" Mo ní, "Fi í sílẹ̀, aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá." Wọ́n ti àga rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kùn.

N kò dá a dúró. N kò sì dúpẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ burú, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ. Ó kùn ún bí ọmọdé tó ń fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ̀kọ. Ó dà á sílẹ̀, ó dà á sí ẹsẹ̀, ó kun ihò kọ́kọ́rọ́, ó kun òpó ilẹ̀kùn, bí n bá fẹ́ wọlé báyìí, mo ní láti fi ìgbáròkó tì í. Obìnrin tí kò fọ ife rí láyé rẹ̀! Ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀ àmì náà bò. Òkè rẹ̀ ṣì wà níta gbangba.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ò tó òkè."

Mo ní, "Lọ́jọ́ yẹn, òkè lẹ wà."

Ó mi orí. Kò bẹ̀bẹ̀, n kò sì rò pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n tì í lọ. Bánà Alága ṣì wà lẹ́nu àdúgbò títí di òní, n kò ní kí ó yọ ọ́. Kí ó máa kà á fúnra rẹ̀ ní àràárọ̀ bó bá ń kọjá, ìyẹn náà jẹ́ kíláàsì.

Onígbàjámọ̀ wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ bá mi parí rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ kejì. Kámẹ́rà ló wà níbẹ̀. Mo lé e padà.

Ní báyìí, o bi mí léèrè ohun tí mo ṣe fún wọn. N kò ṣe nǹkan kan. Mo jókòó ni. Ìwọ lo ṣe é, ìwọ àti owó rẹ. Mo ti bú ẹ nínú ọkàn mi títí ó fi sú mi, ó tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Alága ránṣẹ́ wá lánàá pé kí n sọ ẹrù ìyàwó tí mo fẹ́. Àgbà tó rò pé ẹrù la fi ń di àna, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló dàgbà. N kò gba ẹrù. Apá òkè ilẹ̀kùn mi ni mo fẹ́. Ìwọ kò lè kùn ún, ará ilé ni ẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá sì di ọkọ rẹ, òun náà di ará ilé, kò lè kùn ún mọ́. Nítorí náà, kí ó wá kí ìgbéyàwó tó wáyé, nígbà tí ó ṣì jẹ́ aládùúgbò lásán. Kí ó wá fúnra rẹ̀, kí ó má rán akunlé. Kí ó má kó kámẹ́rà wá. Ó ti ń gbé ènìyàn gun òkè láti ọjọ́ yìí, jẹ́ kí òun náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àkàbà. Bí kò bá wá, ìwọ náà ti mọ ẹni tí o fẹ́ fẹ́.

Sọ fún un pé n kò fẹ́ yẹ́lò. Kí ó ra búlúù aṣọ lọ́nà.

Kí ó má sì máa retí pé n ó jáde wá kí i káàbọ̀. N kò ní sí níta. Inú yàrá ni n ó wà, lórí àga tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó sì máa gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni,
ìyá tó bí ìyá rẹ.

Mo rí àmì tí o fi èékánná fá sí ìdí etí gíláàsì. Kò burú.